Eruku Òkè-Àró

Mo bi Akínmúrelé, ọ̀gá mi, léèrè
níbi tí eruku yìí ti ń wá.
Ṣebí bàbà la kó síná:
wáyà àlòkù, kọ́ọ̀lì fáànù tó jó.

Ó ní oríṣi méjì ni.
Ọ̀kan ò tilẹ̀ rí ojú iná;
ẹwìrì fẹ́ ẹ, ó bá èéfín lọ
bí ọmọ tó tẹ̀lé àlejò jáde nílé.
Èkejì, òjé tó lẹ̀ mọ́ wáyà,
wọ iná, ó yọ́, ó di bí èémí,
ó gòkè láìní ara.
Ìgbà tó kan páànù tútù
ló rántí pé òun ti ní ara rí.
Ó jókòó síbẹ̀, lẹ́búlẹ́bú.

Lálẹ́, ìyàwó rẹ̀ gbọn ẹ̀wù rẹ̀ lójúde.
Ó tún gbọn ọ́n.

Ikọ́ ọ̀gá ò ṣeé gbọn.