Orúkọ Tó Bọ́ Sọ́wọ́ Ọba

Ní Llandeilo, níbi tí òjò ti ń bá ènìyàn jí,
agboòrùn kì í rí oòrùn gbà.
Òjò ló ń gbà, láti Oṣù Kẹsàn-án wọ Oṣù Karùn-ún.
Síbẹ̀ Idris Prosser sọ ọmọ rẹ̀ ní Heulwen,
tí í ṣe ìtànṣán oòrùn lédè wọn;
ó ní kí nǹkan kan ṣáà máa ràn nínú ṣọ́ọ̀bù òun.

Ọdún mọ́kànlélógójì ni pátákó náà fi wà lókè ilẹ̀kùn:
PROSSER A'I FERCH,
Prosser pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin,
lẹ́tà funfun lórí ọ̀dà aláwọ̀ ewé.
S kejì wọ́ sápá òsì,
nítorí àkàbà yọ̀ lọ́jọ́ tí bàbá ń kọ ọ́.
Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọmọbìnrin inú orúkọ yẹn nígbà náà.
Òun ló di ìsàlẹ̀ àkàbà mú.

Bàbá kú. Owó ilé gorí owó ilé.
Lẹ́tà mẹ́ta wá láti Cardiff, ó fi wọ́n tẹ́ ìdí ife tíì.
Ìjọba yọ ilé-iṣẹ́ náà kúrò nínú ìwé
bí ẹni yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀, tó ń bá ìrìn rẹ̀ lọ.

Òfin ibẹ̀ ní ohun tí ilé-iṣẹ́ tó kú bá fi sílẹ̀, ti ọba ni.
Àga mẹ́rin: ti ọba.
Ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń ké bí ẹyẹ: ti ọba.
Pọ́n-ùn mẹ́tàdínlógún tó ṣẹ́kù ní báńkì: ti ọba.
Orúkọ náà ńkọ́?
Ọba ò béèrè o. Agbẹjọ́rò kan ló kó o sínú fáìlì,
ó lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn, ó lọ jẹun ọ̀sán.

Delwyn Stradling, ará Swansea,
tí í fi kọ̀ntéínà kó agboòrùn wọlé,
san iye tí kò tó ra ìdajì àga rere,
ó gba Prosser, ó gba ọmọ rẹ̀ obìnrin,
wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i.

Nígbà tí ìwé dé pé kí Heulwen yọ bébà ojú fèrèsé rẹ̀,
ó gbé fóònù. "Orúkọ mi kọ́ ni?"
Ọmọdékùnrin ọ̀hún ní ohùn pẹ̀lẹ́:
"Ẹ lè máa jẹ́ ẹ, màdámú.
Ẹ kàn má fi jẹun."

Wọ́n ní orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni.
Wọn ò sọ ẹni tí yóò jogún ìjánu
bí ẹṣin bá kú sí gbèsè.

Ó yọ bébà. Ó tún agboòrùn ṣe ní kíṣìnnì, láìlórúkọ,
àwọn tó mọ̀ ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú Oṣù Kẹta, Eluned Gravell wọlé, ó ń kán tótó.
Agboòrùn ọ̀sẹ̀ méjì. Afẹ́fẹ́ ti ṣẹ́ ẹ níhà mẹ́ta.
"Ẹ̀yin náà lẹ tà á fún mi."
"Èmi kọ́."
"Orúkọ yín ló wà lára rẹ̀."

Heulwen fi dígí sójú, ó tẹ́ okùn rẹ̀ sórí tábìlì.
Òwú wúrà. Lẹ́tà wẹ́wẹ́, iṣẹ́ ẹ̀rọ, kò sí àbùkù,
àfi S kejì,
tó wọ́ sápá òsì.

Wọ́n ti ra yíyọ̀ àkàbà mọ́ ọn.

Ó jókòó fún ìgbà díẹ̀, ó fi àtàńpàkò bo lẹ́tà kan náà yẹn.
Lẹ́yìn náà ó wá wáyà, ó wá òwú dúdú,
ó to ìhà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà bí bàbá ṣe ń tò ó, láti inú síta.

"Pọ́n-ùn mẹ́jọ," ló wí.
"Kò sí rìsíìtì."