Bí Fọ́nrán Kan Bá Já

Kó tó di ìlú mọ́tò, Koromo ni wọ́n ń pè é,
orúkọ tó ń dún bí aṣọ létí àwa tí a bí síbẹ̀.
Ìyá bàbá mi ń yọ òwú sẹ́dà lára ìtẹ́ kòkòrò
nínú omi gbígbóná. Ìka rẹ̀ bó títí tó fi kú.

Sẹ́dà náà kú. Ọjà rẹ̀ ṣubú,
ilé ìyọwú ti ilẹ̀kùn, eku jogún ibẹ̀.
Ilẹ̀ gbígbẹ ẹ̀yìn ìlú, tí kò gba ìrẹsì,
ni àwọn ará Toyota wá rà.

Oníṣẹ́ òfì ni wọ́n kí wọ́n tó di oníṣẹ́ mọ́tò.
Òfì wọn nítìjú:
bí fọ́nrán kan ṣoṣo bá já láàrin ọgọ́rùn-ún,
ó dúró gbọnin, kò ní hun irọ́ mọ́ òtítọ́.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n parọ́, ìbẹ̀rẹ̀ kò dùn.
Ní 1950 owó tán, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn.
Ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ kó kọjá òkun lọ sí Kalifóníà
gbóná bí ìkòkò, ó ń gbọ̀n lórí títì gbọọrọ
bí arúgbó tó ń gun òkè.
Wọ́n dá títà rẹ̀ dúró. Wọn ò bínú sí títì.

Ní 1959 ìlú wa bọ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹ̀wù,
ó wọ ti mọ́tò.
Bàbá bàbá mi kò gbà. Koromo ló ń kọ sẹ́yìn lẹ́tà,
afìwéránṣẹ́ sì mọ ilé.

Bàbá mi, Kamiya Tokuji, ilẹ̀kùn ló ń dè mọ́ ọkọ̀.
Okùn kan wà lókè orí rẹ̀:
ẹni tó bá rí àléébù, kó fà á, gbogbo iṣẹ́ á dúró.
Ọdún mẹ́sàn-án ni kò fà á.
Ta ló fẹ́ jẹ́ ẹni tí igba ojú ń wò?

Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù kejì, ó gbọ́.
Kò rí i o, ó gbọ́ ọ:
ilẹ̀kùn kan tó padé pẹ̀lú ohùn tí kò kún.
Ó fà á.

Ó ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn
tí òun gbọ́ òjò lórí páànù ilé iṣẹ́ náà.

Ọ̀gá Sakakibara sáré dé, ó fọwọ́ ra ìdè:
bóòtù kan ló fi ìwọ̀n irun orí tẹ́ẹ́rẹ́ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.
Ó tẹríba fún bàbá mi. Kò sọ̀rọ̀.
Ariwo bẹ̀rẹ̀ padà.
(Gbogbo ọdún tuntun ni bàbá ń sọ ìtàn yìí.
Gbogbo ọdún tuntun ni bóòtù náà ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i.)

Wọ́n ní orúkọ rere sàn ju wúrà lọ.
Wọn ò sọ iye bóòtù tó ń jẹ.

Ní 2010, tí ìròyìn ní wọ́n ń pe ọkọ̀ padà ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù,
bàbá mi pa tẹlifíṣọ̀n.
Ó ti fẹ̀yìn tì láti ọdún méjìlá.
Ó lọ jókòó sínú Kòrólà rẹ̀ nínú òkùnkùn,
ọwọ́ lórí ìtọ́kọ̀, kò tan iná.
"Ẹnì kan gbọ́ ọ," ló wí nígbà tí mo gbé tíì dé.
"Ẹnì kan gbọ́ ọ, kò fa okùn."
N kò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Òun náà kò mọ̀.

Kòrólà náà ṣì wà. Ó ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ.
Ìwé kékeré kan wà nínú àpótí rẹ̀, gègé bàbá:
òróró, táyà, ọjọ́ òjò dídì.
Ojú ewé tó kẹ́yìn, èmi ni mo kọ ọ́.

Lánàá mo pa ilẹ̀kùn rẹ̀ lábẹ́ igi kákì,
mo dúró.
Mo ṣí i, mo tún pa á.
Ó jọ pé nǹkan kan wà níbẹ̀.
Mo tún ṣí i.