Òṣómàáló Tí Kò Tajà

Bàbá tó bí bàbá mi, aṣọ ló ń kiri,
láti Iléṣà títí dé ìpẹ̀kun ilẹ̀ Èkìtì.
Yóò kọ́kọ́ tú ìdì, yóò wọn ọ̀pá mẹ́ta fún ọ,
yóò jẹ́ kí o fi ṣọdún.
Ìgbà tí oṣù bá pé, tí o ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la,
ni yóò tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ.
Kò ní jẹ, kò ní mu, kò ní dìde.
A ń bú u, ṣùgbọ́n aṣọ rẹ̀ wà lọ́rùn wa.

Èyí tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi l'Ókèsà lọ́jọ́ Ẹtì
kò ta àkísà fún mi rí.

Adéṣèyẹ ló mú un wá, kò mọ̀.
Fíláàṣì pupa kan, kò ju àtàǹpàkò lọ,
ó ti kì í bọ kọ̀ǹpútà mẹ́ta láàárọ̀ ọjọ́ náà,
títí kan ti ẹni tó ń fi fíìmù sí fóònù l'Ẹ́rẹ́jà.
"Àǹtí, ojú ìwé méjì péré."
Mo gbà á, mo kì í bọ̀ ọ́.
Ta ló ń bèèrè ẹnu tí ṣíbí ti kúrò
kó tó fi bu ẹ̀wà?

Fáírọ́ọ̀sì kì í ṣe àǹjọ̀nú.
Ènìyàn kan ló jókòó níbìkan tó kọ ọ́,
bí ẹni ń rán ọmọ ọ̀dọ̀ níṣẹ́ ibi:
bí o bá wọlé, kọ́kọ́ bí irú ara rẹ,
lẹ́yìn náà ti gbogbo ilẹ̀kùn,
kí o gbé kọ́kọ́rọ́ wá fún mi.

Laago mẹ́rin, ojú kọ̀ǹpútà ṣú.
Lẹ́tà funfun jáde: sanwó láàárín ọjọ́ mẹ́ta,
owó tí kò ní bébà, tí kò ní orí ẹnikẹ́ni lára.
Ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ọdún mọ́kànlá,
ètò ìsìnkú, iṣẹ́ àṣekágbá ọmọ ọlọ́mọ:
mò ń rí orúkọ wọn, mi ò lè ṣí wọn,
bí ẹni tó dúró síta, tó ń yọjú wo yàrá ara rẹ̀.

Fátúnsìn ní kí n san án, kí n sinmi.
Gbèsè wo?
Ẹni tó jí kọ́kọ́rọ́ rẹ, ṣé owó ni yóò sọ ọ́ di olóòótọ́?

Háàdì kékeré kan wà nílé ẹ̀gbọ́n mi n'Íjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà,
nínú agolo bisikíìtì, pẹ̀lú òwú àti abẹ́rẹ́.
Oṣù Kẹta ni mo ṣẹ̀dà sínú rẹ̀ gbẹ̀yìn.
Ohun tó tẹ̀lé e lọ ráúráú:
ìtàn tí Màmá Ọmọ́tọ̀ṣọ́ sọ tí mo tẹ̀,
ó sì ti kú, mi ò rí ẹni tún bi.

Báyìí, gbogbo Sátidé ni mò ń ṣẹ̀dà,
mo sì ń yọ wáyà rẹ̀, ohun tó bá so mọ́ra ló ń ranra.
Lẹ́tà àjèjì tó ní mo jẹ owó, n kì í ṣí i.
Fíláàṣì tó bá dé, màá yẹ̀ ẹ́ wò kó tó wọlé;
àwọn oníbàárà ń kùn pé mo ti di kọ́sítọ́ọ̀mù.

Kí wọ́n máa kùn.
Ẹnu ọ̀nà ara mi ni mo lóṣòó sí,
èmi ọmọ-ọmọ òṣómàáló.
Mi ò jẹ ẹnikẹ́ni,
mi ò sì ní dìde.