Awọ Lábẹ́ Awò

Máíkírósíkóòpù kan ṣoṣo, àwa mẹ́tàlélọ́gọ́ta.
A tò láti ẹnu ọ̀nà dé abẹ́ igi dóńgóyárò
ní Òkè Àrẹ̀mọ, Ọjọ́rú, oòrùn ń ta.
Àǹtí Láníhùn ní ìṣẹ́jú kan lẹnì kan,
ẹni tó bá fọwọ́ kan gíláàsì yóò gbálẹ̀ títí Jímọ̀.

Àlùbọ́sà ló bó.
Kì í ṣe èyí tí à ń gé sọ́bẹ̀, awọ tinú lọ́hùn-ún,
fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìyẹ́ eṣinṣin.
Ó tẹ́ ẹ, ó kán àyódíìnì lé e lórí,
omi ń bọ́ lójú rẹ̀.
Ó ní, "Ẹ má bẹ̀ mí, àlùbọ́sà ni."

Ó kàn mí. Mo di ojú òsì, mo fi ọ̀tún wò ó.
Òkùnkùn ni mo kọ́kọ́ rí, irun ìpéǹpéjú ara mi ni.
Lẹ́yìn náà, ilé!
Ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ògiri fara ti ògiri,
àfi bí ìgbà tí mo bá yọjú lójú fèrèsé kíláàsì wa
tí mo wo Yemẹtú nísàlẹ̀,
páànù tó ti pọ́n, tí abẹ́rẹ́ kò ríbi já sí láàárín wọn.
Nínú ilé kọ̀ọ̀kan, kóró dúdú kan jókòó.

"Núkílọ́ọ̀sì nìyẹn," Àǹtí wí lẹ́bàá etí mi,
"inú rẹ̀ ni wọ́n ń kó ìwé ilé sí.
Ilé iná wà níbẹ̀ pẹ̀lú, mitokọ́ńdíríà,
ó kéré ju kí o rí i lọ,
ṣùgbọ́n kì í mú iná lọ bíi ti NEPA."

Mọ́rẹ̀nikẹ́ béèrè ẹni tó kọ́ wọn.
"Kò sí bírìkìlà. Ilé ló ń bí ilé.
Ọ̀kan pín, ó di méjì, méjì di mẹ́rin.
Ìwọ tí ò ń wò mí yìí, ẹyọ kan ni ọ́ lọ́jọ́ kan,
o kò tó hóró iyọ̀."

Ó fi igi ìtayín ha inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi,
ó ní kí n wo ara mi.
Ti ènìyàn kò ní ògiri. Àgọ́ ni,
etí rẹ̀ ká kò bí ẹ̀wù tí a jù sórí bẹ́ẹ̀dì.
Ṣùgbọ́n kóró náà wà nínú rẹ̀!
Èmi àti àlùbọ́sà.
Mo rẹ́rìn-ín títí ìṣẹ́jú mi fi tán.

N kò sọ ibi tí mo ń lọ fún wọn nígbà tí aago lù.
Mo fẹsẹ̀ rìn dé ilé ìwòsàn Oríta Mẹ́fà.
Adéyanjú àbúrò mi wà lórí ibùsùn,
ó di orúnkún rẹ̀ mú bí ẹni di adìyẹ tó fẹ́ sá.
Fòníkú-fọ̀ladìde ni ìyá wa àgbà ń pè é.
Láti kékeré ni mo ti rò pé àdéhùn ni,
pé ẹnì kan ti bá ikú sọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì fi àwòrán kan hàn mí lára ògiri.
Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ kò ní kóró mọ́,
ó ti yọ tirẹ̀ dà nù
kí àyè lè gbà á láti ru èémí.
Roboto ni, ó tẹ̀ láàárín,
ó ń yọ̀ gba ọ̀nà tóóró kọjá.
Ti Adéyanjú ń tẹ̀ bíi dòjé,
dòjé kọ́ dòjé lọ́rùn, ọ̀nà dí,
bí ìgbà tí igi dí abẹ́ afárá Ògùnpa lọ́jọ́ òjò.
"Lẹ́tà kan ló ṣì kọ nínú ìwé ilé," nọ́ọ̀sì wí. "Ẹyọ kan."
Bàbá fún un ní ẹ̀dà kan, Màmá fún un ní ẹ̀dà kan.
Ọ̀kan péré ló kàn mí.
Ta ni kí n bá wí?

Adéyanjú ní kí n sọ ohun tí a kọ́ lónìí.
Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí àlùbọ́sà.
Ó wo ojú mi fín-ín-fín,
ó ní, "Ṣé ó ṣì ń ta ọ́ ni?"
Mo ní, bẹ́ẹ̀ ni, ó ń ta mí.