Kóńgò Méjìlélọ́gbọ̀n

Wọ́n ní kí oníkálùkù mú ìwé ìdáhùn kan bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀,
kó bo orúkọ ọmọ náà,
kó lẹ ìwé funfun mọ́ máàkì tó fún un.
Ògbómọ̀ṣọ́ la ti pàdé, nínú gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn Tákíé,
àwa olùkọ́ báyọ́lọ́jì méjìlélọ́gbọ̀n.
Òjò ti pa ìdajì wa lọ́nà,
bàtà wa ń ké lórí símẹ́ńtì.

Ìyáàfin Àtàndá kò fi ìkíni fa ilẹ̀.
Ó ki ọwọ́ sínú àpò ìwé, ó fa ẹyọ kan yọ,
ó ti ṣe fótókọ́pì rẹ̀ kí a tó mu tíì tán.
"Ẹ máàkì eléyìí lórí mẹ́wàá. Ẹ má wojú ara yín."

Ìbéèrè kẹrin: kí ló dé tí ewé fi ń rọ lọ́sàn-án ọ̀gbẹlẹ̀,
tó tún ń jí lálẹ́?

Gẹ̀ẹ́sì lọmọ náà fi dáhùn, Gẹ̀ẹ́sì tó ń tiro.
Ohun tó sọ nìyí:
ewé kaṣú ẹ̀yìnkùlé wa kì í kú lọ́sàn-án.
Ó ní ẹnu wẹ́wẹ́ lábẹ́ ikùn.
Oòrùn ń fa omi rẹ̀ ju bí gbòǹgbò ṣe ń rí pọn lọ,
ló bá pa ẹnu dé, ó ṣe jẹ́jẹ́
bí ìyá àgbà mi nígbà ààwẹ̀.
Bí ilẹ̀ bá tutù, gbòǹgbò á san gbèsè.

Àyà mi já.
Mo mọ lẹ́tà g tó nírù bí ọ̀kẹ́rẹ́ yẹn.
Èmi ni mo gbé e wá.
Ọ̀jẹ̀níyì, àga ẹ̀yìn, lẹ́bàá fèrèsé tí kò ní ìlẹ̀kùn.
Lóṣù Ẹ̀rẹ̀nà, ẹyọ kan péré ni mo fún un,
nítorí kò dárúkọ sítómátà.
Ìwé igba ó lé mẹ́rin ló wà níwájú mi lóru ọjọ́ náà,
iná ti lọ, àbẹ́là ń tẹ̀ bọ̀ lọ́rùn,
mo fa ìlà pupa kọjá lórí ìyá àgbà rẹ̀,
mo ṣí ìwé tó kàn.

Nísinsìnyí, láàárín èèyàn,
mo kọ mẹ́fà.

Ó ń to máàkì wa sórí bọ́ọ̀dù:
odo. Mẹ́sàn-án. Méjì. Méje. Méjì. Mẹ́rin àbọ̀.
Bàbá kan láti Ìkòyí-Ilé ló fún un ní mẹ́sàn-án,
ó ní òun náà ní kaṣú lóko.
Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ọ̀yọ́ ló fún un ní odo:
"Bí mo bá fún eléyìí, àwọn tó há tiwọn sórí ńkọ́?"
A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ gbẹ.
"Ìka ò dọ́gba, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n sọ,"
Ìyáàfin Àtàndá nu ẹfun lọ́wọ́.
"Kóńgò ńkọ́?"

Àgbàrá ń lọ nínú gọ́tà níta.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ó kọ́ wa bí a ṣe ń pín mẹ́wàá
kí a tó rí ìdáhùn ẹnikẹ́ni:
mélòó fún òye, mélòó fún ìdí, mélòó fún orúkọ,
kí orúkọ má baà jẹ gbogbo ẹ̀ tán.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pátá, títí kan àmì ìdánudúró.
Nígbà tó béèrè ẹni tó gbé ìwé náà wá,
mo ń wo bàtà mi.

Lọ́jọ́ tí a wọlé padà, mo pe Ọ̀jẹ̀níyì
sábẹ́ kaṣú tó wà lẹ́yìn yàrá ìṣàyẹ̀wò.
Ó ti ga; ṣòkòtò rẹ̀ ti sá kúrò lọ́rùn ẹsẹ̀.
Mo já ewé kan, mo yí ikùn rẹ̀ sókè.
"Níbo làwọn ẹnu yẹn wà? Fi hàn mí."
Ó wo ewé.
Ó wo bíró pupa tó wà lápò mi.
"Ṣé ìdánwò ni, Mà?"