Àpótí Kékeré Méjì

Ọ̀gbẹ́ni Ṣódiyà, aṣojú adójútòfò,
dé láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ́sàn-án Ọjọ́rú,
ó gbé báàgì lé orí ìwọ̀n tí mo fi ń wọn ọmọ tuntun.
Abẹ́rẹ́ ìwọ̀n fò dé kílò mẹ́rin.
Mo ní, "Ọmọ yìí mà sanra o."
Kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ń to ìwé.

Ìwé méjì ni, kí n mú ọ̀kan.
Èyí àkọ́kọ́ pọ́ọ́kú, ọ̀kẹ́ méjì náírà lọ́dún:
bí wọ́n bá pè mí lẹ́jọ́ nígbà tí mo ṣì ń sanwó,
wọn á dúró tì mí.
Ọjọ́ tí mo bá dáwọ́ dúró, kálukú a máa bá tirẹ̀ lọ.
Èkejì wọ́n jù ú lọ dáadáa:
ọmọ tí ọwọ́ mi bá gbà lábẹ́ ìwé yìí,
ìbáà pé ogún ọdún kí ẹjọ́ rẹ̀ tó dé,
ìbáà bá mi lẹ́nu gàrí títà níwájú ilé,
wọn á gbèjà mi.

Wọ́n ní àwa Ìjẹ̀bú mọ owó kà.
Mo kà á. Mo tún un kà.
Èsúsú tí èmi àtàwọn aránṣọ Òkè-Agbò jọ ń dá,
bó bá kàn mí, owó mi á wálé.
Èyí lowó tí èèyàn ń san
tó tún ń gbàdúrà kóun má rí i gbà láéláé.
Ìyá mi gbẹ̀bí lórí ẹní fún ọgbọ̀n ọdún,
kò san kọ́bọ̀ fún ẹnì kan.
Bí ọmọ bá kú, wọn á ní bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ni.
Mi ò mọ iye ìyá tó gbé ìbéèrè lọ sílé,
tí kò rẹ́ni bi.

Ó ṣí ojú ewé kẹta.
"Ǹjẹ́ ohun kan ti ṣẹlẹ̀ rí lọ́wọ́ yín
tó lè di ẹjọ́ lọ́jọ́ iwájú?"
Àpótí kékeré méjì: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́.
"Ẹ kọ bẹ́ẹ̀ kọ́, Mà. Ohun tí gbogbo wọn ń kọ nìyẹn."

Òjò oṣù Agẹmọ ni.
Ọkọ̀ agbégẹdú kan ti dábùú ọ̀nà ọsibítù ìjọba.
Orí ọmọ jáde, èjìká há.
A ká orúnkún ìyá rẹ̀ dé àyà,
ọmọ iṣẹ́ mi fọwọ́ tẹ ìsàlẹ̀ ikùn,
mo ń wo aago ògiri: ìṣẹ́jú kan, méjì, mẹ́ta.
Ní ìkẹrin, mo fà á.
Mo fà á. Mo ti sọ ọ́ báyìí.
A gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ,
ilé hó yèè.
Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló dákẹ́.

Ọdúntàn ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà.
Láràárọ̀ ló ń gba ẹnu géètì mi lọ sílé ìwé,
ọwọ́ òsì ló fi ń juwọ́ sí mi.
Àwọn ọlọ́kadà a jágbe mọ́ ọn:
"Wọn ò kọ́ ọ nílé ni? Ọwọ́ òsì sí àgbà?"
Ọwọ́ òsì lèmi náà fi ń dá a lóhùn.
Ìyá rẹ̀, Ṣẹ̀gilọlá, gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá ní Kérésì,
ó ní, "Ẹ̀yin lẹ yọ wá lẹ́nu ikú."
Mo jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà.

Gègé tí mo fi ń kọ wákàtí ìbí ni mo mú.
Mo fa ìlà sínú bẹ́ẹ̀ ni.
Ṣódiyà mí kanlẹ̀. "Owó á gòkè o, Mà.
Ọmọ yẹn ò sì ní sí lábẹ́ ìwé kankan nínú méjèèjì."
Mo ní mo mọ̀. Mo mú èyí tó wọ́n,
tìtorí àwọn tó ṣì ń bọ̀.

Ó gbé báàgì kúrò, abẹ́rẹ́ padà sípò.
Lọ́la, kí agogo ilé ìwé tó lù,
màá dúró ní géètì,
màá bi Ṣẹ̀gilọlá bóyá ó ráyè jókòó.