Lé àti Dín

Ogún ọ̀kẹ́ ni Ṣàkírù kọ́kọ́ pè é,
yàrá méjì àti pálọ̀ lẹ́yìn ibùdó rélùwéè Mọ́níyà.
Ó ní omi ń yọ, iná ń wá, ó ní onílé kì í jà.
Ní Agége tí mo ti ń ṣiṣẹ́,
ilé tí kò tó ìdajì eléyìí, ọgọ́ta ọ̀kẹ́ ni.
Mo ní ogún ò burú.

Mo ti wo mẹ́ta ṣáájú, eléyìí ló ṣìkẹrin,
ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ẹgbẹ̀rún márùn-ún kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn.
Ti Ojóò, ẹrọ̀fọ̀ ló jáde wá kí mi káàbọ̀.
Ti Ṣáṣá, wọ́n ti gbà á kí n tó dé, owó mi ò sì bọ̀.
Ti Apẹ̀tẹ̀, àwọn tó ń gbé e ò tíì kó jáde:
obìnrin kan ń dín ọ̀dùnkún lẹ́nu ọ̀nà,
kò gbójú sókè wò wá.

Ọ̀kẹ́ kan ti lọ nìyẹn, a ò tíì dé orí ilé.
Ṣàkírù ní tòun, ọ̀kẹ́ méjì.
Ìwé àdéhùn, ọ̀kẹ́ méjì fún ojú ìwé mẹ́ta,
wọ́n sì tún ṣi orúkọ bàbá mi kọ:
Ilésanmí tí wọ́n sọ mí, Ilésan ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀,
"mí" ti já sílẹ̀ níbi kan.
Owó kọ́ṣọ̀n, ọ̀kẹ́ kan àbọ̀,
tí wọn yóò dá padà lọ́jọ́ tí mo bá ń lọ.
Mo ní ta ni wọ́n ti dá a padà fún rí?
Ó rẹ́rìn-ín, ó ń wá nọ́ńbà kan lórí fóònù.

Mítà wà lóòótọ́.
Gbèsè ẹni tó kó jáde ló ń gbé inú ẹ̀, ọ̀kẹ́ kan àbọ̀.
Kọ́kọ́rọ́ tuntun, nẹ́ẹ̀tì, ọ̀dà fún ògiri tó ti bó:
ọ̀kẹ́ kan.

Mo ṣírò rẹ̀ lálẹ́ lẹ́yìn ìwé ọmọ mi Mosọpẹ́.
Ọ̀kẹ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.
Àwọn tó ṣe òǹkà fún wa láàánú, wọ́n fi dín sí i,
wọn á gun òkè dé àyè kan, wọn á rọra sọ̀ kalẹ̀.
Òǹkà Ṣàkírù ò ní dín. Lé nìkan ló mọ̀.
Lé lórí lé, àfi bí ẹni tí ajá ń lé.
Mo wo ọ̀rọ̀ náà, ilé, mo rí i níbẹ̀ tó lúgọ.

Ọjọ́ Ajé, òkùnkùn ni mo fi ń jáde.
Ọ̀kadà dé ibùdó, ọkọ̀ ojú irin dé Agége,
mo tẹ́ ẹní sí pálọ̀ Rẹ̀mílẹ́kún ìbátan mi,
mo ń bá a ra gáàsì kí ojú má baà tì mí.
Alẹ́ Ẹtì ni mo tó ń padà.
Òru mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mo ń sùn nínú ilé tí mo san,
òru mẹ́rin yòókù, aláǹgbá ló ń bá mi gbé e.
Kò sí èyí nínú ojú ìwé mẹ́ta yẹn.
Onílé ti ní kí n múra,
lọ́dún tó ń bọ̀ yóò lé díẹ̀.

Àárọ̀ Sátidé, mo ń dín ẹyin.
Mosọpẹ́ wà lórí àpótí, ó ń ka ọjọ́ mi sí ìka.
Ó ní, "Méje dín mẹ́rin."
Mo ní, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ka ẹ̀ta.
Ó ní òun mọ̀,
ó na àwo rẹ̀ sí mi.